Ìwádìí Ohun tí Kì í Jẹ́ kí Plọ́ọ̀gì Alùpùpù Àtijọ́ Ta Iná Nígbà tí Ẹ́ńjìnnì Bá Gbóná: Àpẹẹrẹ láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ìfáàrà

Àìsàn tí kì í yọjú níwájú oníṣègùn ni ó ṣòro wò jù lọ. Ọlọ́kadà gbé èrò láti Ọ̀nà Ìbàdàn ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, ó forí lé Orù. Kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tí alùpùpù fi kú mọ́ ọn nídìí lójijì, àfi bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ pa á. Ó ta á títí, kò dáhùn. Èrò sọ̀kalẹ̀, ó wá òmíràn gùn. Ọlọ́kadà ti alùpùpù rẹ̀ sábẹ́ igi, ó jókòó tì í fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó tún ta á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó dáhùn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ta á, ó ṣiṣẹ́. Ó gùn ún yípo àdúgbò, ó ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì ní kò sí ohun tí ó ṣe é, tàbí kí ó ní kí wọ́n sáà ra plọ́ọ̀gì tuntun sí i. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, alùpùpù tún ti kú sójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Olè ni àbùkù yìí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ni ó ń wọlé. Bí ó bá ti tutù, ó ti lọ. Mẹkáníìkì tí ó ń yẹ irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ wò nígbà tí ó ti tutù, oko tí olè ti kúrò ni ó ń ṣọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí alùpùpù ti kú, àti ìṣẹ́jú tí ó kú, ni ìwádìí ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀yà ara rẹ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, èrè tí ọlọ́kadà ń rí lórí èrò kan ti fẹ́lẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń san owó ojoojúmọ́ fún ẹni tí ó ni alùpùpù, yálà wọ́n rí èrò gbé tàbí wọn kò rí. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n láti Ìta-Òṣùgbó títí dé Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, a ti rí ẹni tí ó gé ìka mẹ́rin tí kò ṣẹ̀ rárá kí ó tó kan èyí tí ó ṣẹ̀.

A yàn láti ṣe àlàyé yìí ní Yorùbá nítorí pé Yorùbá ni èdè ìdí iṣẹ́ náà. Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì kò dúró de ìwádìí kankan kí wọ́n tó máa fi í kọ́ ọmọṣẹ́ wọn lábẹ́ igi. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ọmọṣẹ́ ń rí ohun tí ọ̀gá ń ṣe, kì í sì í sábà gbọ́ ìdí tí ọ̀gá fi ń ṣe é. Àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan ní ìdí iṣẹ́ ni a ó lò.

Àwọn alùpùpù tí ọ̀rọ̀ kàn

Ìró ẹ̀rọ yìí ni orúkọ rẹ̀, alùpùpù, ń sín jẹ. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ wá láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983; ẹ̀fẹ̀ ni àwọn èèyàn fi pe alùpùpù akérò bẹ́ẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà sì di orúkọ.

Nínú àwọn tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a rí ìdílé Honda Super Cub tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, èyí tí C70 ti jáde, àti Honda CG125 tí ó jáde ní 1976. CG125 yìí, àwọn tí ó ṣe é dìídì ro ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà kò ti dára, tí wọn kì í sì í tètè tọ́jú alùpùpù. Ilé-iṣẹ́ Honda dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ sí Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ní 1979. A tún rí Vespa, a rí Suzuki A100 àti AX100, a sì rí Jincheng tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ní àwòkọ AX100. Bajaj ni ó pọ̀ jù lójú pópó lónìí, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ wọ̀nyí ṣì wà lọ́nà oko, lọ́wọ́ àwọn tí kò ní agbára láti ra tuntun.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta iná. Àwọn tí ó dàgbà jù ń lo kọ́ńtáàtì. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ń lo CDI. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà nídìí alùpùpù tirẹ̀ kò lè mọ ibi tí yóò wò.

Bí iná ṣe ń dé orí plọ́ọ̀gì

Ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ìdérí kan, ni mágínẹ́ẹ̀tì wà: irin róbótó tí ó wúwo, tí òòfà lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, tí ó ń yí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Kọ́ìlì dúró sójú kan láàárín rẹ̀. Bí òòfà bá ń kọjá lójú kọ́ìlì, iná yóò máa sàn nínú wáyà kọ́ìlì náà. Iná yìí kéré. Kò lè fò láti etí kan plọ́ọ̀gì sí èkejì.

Nínú alùpùpù oníkọ́ńtáàtì, iná kékeré yìí ń gba ojú irin méjì tí ó fẹnu kanra kọjá sínú bọ́dì. Ní ìṣẹ́jú àáyá gan-an tí pisítìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, irin kan tí ó rí ṣóńṣó lára ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yóò ti ẹnu méjèèjì kúrò lára wọn. Ọ̀nà gé lójijì. Gígé lójijì yìí ni ó ń mú kí kọ́ìlì ńlá, tí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ gùn lọ́pọ̀lọpọ̀ ju wáyà kíkì inú rẹ̀ lọ, tu agbára tí ó lé ní 10,000 fóòtì jáde. Kí olùkàwé fi wé iná ilé wa tí kò ju nǹkan bí 240 fóòtì lọ.

Kọ̀ǹdẹ́ńsà ni ẹni tí a kì í dárúkọ nínú gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, iná tí ó wà lójú ọ̀nà fẹ́ fò kọjá lẹ́nu rẹ̀. Kọ̀ǹdẹ́ńsà ni ó ń gbà á sára fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ náà, kí gígé tó dán mọ́rán. Bí kò bá sí i, tàbí tí ó bá ti kú, iná yóò máa jó lẹ́nu kọ́ńtáàtì dípò kí ó jó lẹ́nu plọ́ọ̀gì.

CDI kò ní kọ́ńtáàtì. Kọ́ìlì kan nínú mágínẹ́ẹ̀tì ń tọ́jú iná sínú rẹ̀, tí ó lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan fóòtì. Kọ́ìlì kékeré mìíràn ń fún un ní àmì pé àsìkò tó; ní kété tí àmì bá dé, CDI yóò da gbogbo ohun tí ó tọ́jú sínú kọ́ìlì ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti fi oje líle dí inú CDI pa, nítorí náà a kò lè tú u wò. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì fi máa ń fura sí i ju bí ó ti yẹ lọ: ohun tí a kò lè rí inú rẹ̀ ni a máa ń di ẹrù lé lórí.

Ohun tí ooru ń ṣe

Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí lára. Àwọn irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí ó yí orí ẹ́ńjìnnì ká ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹrẹ̀ pupa tí ó gbẹ sáàárín wọn lẹ́yìn ìgbà òjò ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ yìí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kankan ó yẹ kí a fọ̀ ọ́ kúrò. Ìgbà mìíràn wà tí ìfọ̀ yìí nìkan ti sún àkókò tí alùpùpù ń kú síwájú, ṣùgbọ́n kò wo àbùkù náà sàn.

Ooru tí ó ń bá mágínẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tí yóò sá sí, nítorí ìdérí bò ó. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí: bí alùpùpù bá dúró lẹ́yìn ìrìn gígùn, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí i mọ́, ooru orí ẹ́ńjìnnì a sì máa tàn kálẹ̀ lọ sí àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ́ìlì inú mágínẹ́ẹ̀tì lè gbóná ju bí ó ti gbóná lórí ìrìn lọ. Ìdí nìyí tí alùpùpù kan fi lè gbé ènìyàn dé ilé epo láìsí wàhálà, tí kò sì ní dáhùn mọ́ nígbà tí a bá ra epo tán.

Kí ni ooru wá ń ṣe fún àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí? Wáyà kọ́ìlì tín-ín-rín, ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi bò ó kí àwọn ìlọ́po rẹ̀ má baà fara kanra. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀dà náà a sán. Bí ó bá tutù, àlàfo ṣì wà. Bí ó bá gbóná, irin a wú, ìlọ́po kan a kan èkejì, iná a sì gba ọ̀nà àbùjá. Ìdàkejì náà ń ṣẹlẹ̀: wáyà tí ó ti já níbi tí wọ́n jó o pọ̀ lè fẹnu kan ara rẹ̀ nígbà tí ó tutù, kí ó sì ya nígbà tí ó bá gbóná. Ìdábòbò inú kọ̀ǹdẹ́ńsà tí ó ti gbó a máa jo nínú ooru. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú CDI pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti darúgbó, a máa jẹ́ kí iná jò dànù kí ó tó kún. Gbogbo wọn a sì padà bọ̀ sípò nígbà tí wọ́n bá tutù.

Àwọn tí ó jọ ọ́

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù tí ó kú nínú ooru ni iná rẹ̀ sá. Ọ̀nà tí ó gbà kú ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, ẹni tí ó gùn ún ni ó sì rí i. Bí iná bá sá, ó máa ń kú lẹ́ẹ̀kan náà ni, tàbí kí ó máa já bọ́, kí ó tún máa mú, bí ẹni tí ń pa á tí ń tàn án. Bí ó bá jẹ́ epo ni kò dé, ó máa ń rọ díẹ̀díẹ̀, á máa fà, á máa húkọ́, kí ó tó kú.

Ihò kékeré kan wà lára ìdérí táǹkì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé dípò epo tí ó ń jáde. Bí eruku bá dí i, epo kò ní lè sàn mọ́ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. A dúró, afẹ́fẹ́ yọ́ wọlé, epo tún sàn. Gbogbo ènìyàn sì gbà pé ẹ́ńjìnnì ni ó tutù. Kí a ṣí ìdérí táǹkì ní kété tí alùpùpù bá kú. Bí a bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ fà wọlé fìì, tí alùpùpù sì dáhùn, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún iṣẹ́ náà.

Fáàfù tí wọ́n fún jù náà wà níbẹ̀, fún àwọn tí ó ní fáàfù. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, àlàfo fáàfù lè tán pátápátá, kí fáàfù má lè padé mọ́, kí agbára inú ẹ́ńjìnnì sì jò dànù. Ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ èyí: kíkì a máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kò ní le bí ó ti máa ń le ní òwúrọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Honda kéékèèké wọ̀nyí, àlàfo náà kò ju 0.05 mìlímítà lọ, a sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù.

Mímú olè lọ́wọ́ kàn án

Ohun tí a nílò kò pọ̀: plọ́ọ̀gì kan tí a mọ̀ pé ó dára, ìdérun plọ́ọ̀gì, sukurudíráfà, aṣọ mímọ́ kan, àti omi inú ike. Kí ọlọ́kadà máa gbé wọn kiri. Lẹ́yìn náà, kí ó gùn ún títí yóò fi kú. Bí ó bá jẹ́ èrò ni ó gbé, ọ̀ràn dé. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ ti tán, ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í pọ̀, ni ó dára jù.

Ní kété tí ó bá kú, kí a yọ ìdérí plọ́ọ̀gì, kí a ki plọ́ọ̀gì tí ó wà lọ́wọ́ bọ inú rẹ̀, kí a fi ara plọ́ọ̀gì náà ti irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, kí a sì ta kíkì. Kí a fi plọ́ọ̀gì ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń tú u, tí wọ́n sì ń gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Bẹ́ẹ̀ èéfín epo ń tú jáde láti ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta á, iná sì wà nítòsí. A ti rí ẹni tí irun ojú rẹ̀ jóná nídìí èyí. Kí a má ṣe fi wáyà plọ́ọ̀gì sílẹ̀ lófuurufú láìfi ara kan ibì kankan pẹ̀lú, nítorí agbára tí kò bá rí ibi jáde a máa dá ihò sí ara kọ́ìlì tàbí kí ó pa CDI.

Oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí a rí iná plọ́ọ̀gì. Kí a fi fìlà ṣíji bò ó. Iná tí ó dára a máa rí bí àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa dún tàà. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò dún kò ní láárí. Ó yẹ kí a tún mọ̀ pé fífò nínú afẹ́fẹ́ ìta rọrùn fún iná ju fífò nínú ẹ́ńjìnnì lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí pisítìnì ti fún pọ̀ ń dí iná lọ́nà. Plọ́ọ̀gì lè ta iná lọ́wọ́ wa kí ó má lè ta á nínú ilé rẹ̀. Nítorí náà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ máa ń tẹ etí plọ́ọ̀gì àtijọ́ kan sẹ́yìn títí àlàfo rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 6 mìlímítà. Kọ́ìlì tí ó bá lè fi iná fo àlàfo yẹn ní ìta, kò sí iyèméjì pé yóò fo 0.6 tàbí 0.7 tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì.

Bí iná bá ta dáadáa lójú ẹsẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí a fi iná sílẹ̀, kí a lọ wo epo àti fáàfù. Bí kò bá ta, olè ṣì wà nínú oko, ibi tí ó sá pamọ́ sí ni ó kù.

Kí a kọ́kọ́ tú ìdérí plọ́ọ̀gì kúrò lẹ́nu wáyà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìdérí yìí ni nǹkan kékeré kan wà tí ó ń dín ariwo rédíò kù, tí ó sì lè já. Kí a di wáyà náà mú níbi tí rọ́bà rẹ̀ ti nípọn, pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kí ẹnu rẹ̀ súnmọ́ irin, kí ẹlòmíràn ta kíkì. Bí iná bá fò, ìdérí ni ó jalè.

Lẹ́yìn èyí ni wáyà ìpaná. Nínú àwọn alùpùpù tí mágínẹ́ẹ̀tì ń bọ́ iná plọ́ọ̀gì wọn, ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe nígbà tí a bá pa á ni pé ó ń darí iná sínú bọ́dì. Bí rọ́bà wáyà yìí bá ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tàbí tí inú kọ́kọ́rọ́ bá ti dípẹtà, bí ẹni tí ó ń pa alùpùpù lórí ìrìn ni yóò rí. Nínú ọ̀pọ̀ Honda, wáyà dúdú tí ó ní ilà funfun ni. Kí a yọ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, kí a tún ta á. Bí alùpùpù bá dáhùn, kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á mọ́: kí a fi jíà sí i, kí a tẹ bíríkì, kí a tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Èyí tí ó bá yé ni kí a tó dán an wò.

Nígbà náà ni omi àti aṣọ wúlò. Kọ́ìlì ńlá sábà máa ń wà lábẹ́ táǹkì, CDI nítòsí rẹ̀ tàbí lábẹ́ àga. Kí a rẹ aṣọ sínú omi, kí a fún un, kí a fi bo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí a sì tún wo iná. Bí iná bá padà lẹ́yìn tí a tu kọ́ìlì lára, tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ṣì gbóná, kọ́ìlì ni. Bí kò bá padà, ó kan CDI. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni. Ẹni tí ó bá tu méjèèjì lára pọ̀ kò tí ì mọ nǹkan kan. Kí a má ṣe da omi sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná fúnra rẹ̀, irin rẹ̀ lè sán.

Nínú oníkọ́ńtáàtì, kí a ṣí ìdérí mágínẹ́ẹ̀tì kí a sì wo ẹnu kọ́ńtáàtì bí ẹnì kan ti ń ta kíkì. Bí iná bá ń jó fòò níbẹ̀, kọ̀ǹdẹ́ńsà ni kí a mú. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá ṣí tó, igi kékeré tí ó ń tì í ni ó ti jẹ. Fún àwọn Honda kéékèèké, 0.3 sí 0.4 mìlímítà ni àlàfo rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣí tán.

Bí mítà ṣe lè tan ni jẹ

Àwọn réwáyà wa ní mítà, ó sì dára kí wọ́n ní i. Ṣùgbọ́n wáyà bàbà a máa ṣòro fún iná láti kọjá bí ó bá ṣe ń gbóná sí i: ní ìwọ̀n ooru wa, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ni ó ń fi kún un fún dígíríì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì inú mágínẹ́ẹ̀tì tí mítà kà sí 200 óòmù ní òwúrọ̀, nígbà tí ó wà ní 30 dígíríì, yóò tó nǹkan bí 250 bí ó bá dé 100 dígíríì. Ara líle ni èyí. A mọ àwọn tí wọ́n ti ju irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ nù nítorí pé mítà yí padà. Èyí tí ó ń jẹ́ ẹ̀rí àbùkù ni kí mítà má ka nǹkan kan mọ́ nígbà tí ó gbóná, tàbí kí ó já wálẹ̀ dípò kí ó gòkè.

Mítà sì tún lè dá ẹlẹ́bi láre. Wáyà kíkì inú kọ́ìlì ńlá kì í sábà ju óòmù kan tàbí méjì lọ. Okùn mítà olówó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀ lè tó ìdajì ìyẹn. Bí ìlọ́po méjì bá kan ara wọn níbẹ̀, mítà kò ní rí i. Agbára bátìrì kékeré inú mítà kò tó láti fi ibi tí 10,000 fóòtì ń gbà jò hàn. Nítorí náà, bí aṣọ tútù bá ti fi kọ́ìlì hàn lójú ọ̀nà, tí mítà sì ní kò sí ohun tí ó ṣe é ní ìsọ̀, aṣọ ni kí a gbà gbọ́. Ẹ̀rí tí ó borí gbogbo rẹ̀ ni kí a yá èyí tí ó dára lára alùpùpù ẹlòmíràn, kí a so ó mọ́ tiwa nígbà tí ó ṣì gbóná. Yíyá ni a wí. Rírà kò tí ì kàn.

Àpẹẹrẹ kan

Aládùúgbò wa kan ní Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní alùpùpù àtijọ́ oníkọ́ńtáàtì. Òun ni ó fi ń kó gààrí ìyàwó rẹ̀ láti Orù wá sí ọjà Òkè-Ajé. Ní àárín oṣù mẹ́ta, ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì ńlá, ó pààrọ̀ kabúrétọ̀. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣiṣẹ́ fún ìrìn kan nínú òtútù òwúrọ̀, mẹkáníìkì gba owó rẹ̀, ó sì tún kú ní ọ̀sán. Ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mọ́tò pẹ̀lú àpò rẹ̀. Owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè gààrí.

A bá bàbá náà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa lórí alùpùpù kejì. Ó kú bí ó ti máa ń kú. Plọ́ọ̀gì tí a mú dání kò ta iná. A tú ìdérí plọ́ọ̀gì, kò ta; a yọ wáyà ìpaná, kò ta; a fi aṣọ tútù bo kọ́ìlì tuntun rẹ̀, kò ta. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a ṣí ìdérí mágínẹ́ẹ̀tì, òkùnkùn yẹn ni ó sì ràn wá lọ́wọ́: bí a ti ta kíkì, iná jó lẹ́nu kọ́ńtáàtì bí ìgbà tí a ń ṣá ìṣáná. Inú mágínẹ́ẹ̀tì gan-an, níbi tí ooru pọ̀ sí jù, ni kọ̀ǹdẹ́ńsà rẹ̀ wà. A gé wáyà rẹ̀, a so kọ̀ǹdẹ́ńsà kan tí a yá mọ́ ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, a sì fi ara rẹ̀ ti bọ́dì. Alùpùpù dáhùn bí ó ti gbóná tó, ó sì gbé wa délé.

Ìta náà ni a fi kọ̀ǹdẹ́ńsà sí títí di òní, nítorí ibẹ̀ tutù. Kọ́ìlì àti kabúrétọ̀ tí wọ́n ti yọ dànù wà nínú àpò sìmẹ́ńtì kan ní ẹ̀yìn ilé bàbá náà. A kó wọn jáde, a dá wọn padà sára alùpùpù, a sì gùn ún lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nínú oòrùn ọ̀sán. Kò kú.